ÌRÒYÌN KÒ TÓ ÀFOJÚBÀ: Ibo Ni Kí Á Dúró Sí Nígbà Tí Òṣùpá Bá Bo Oòrùn?

Òkè Ọya ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ náà ni a sì dàgbà sí. Ẹnu ìyá wa ni a ti kọ́ Yorùbá. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí a ti ṣi ọ̀rọ̀ lò, ẹ bá wa tún un ṣe, ẹ má fi wá ṣẹ̀fẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìbò ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ oòrùn ni. Ní ọjọ́rú, ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, a kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Zaria ni àwọn òbí wa ń gbé nígbà náà. Wọ́n bu omi sínú báàsì, wọ́n gbé e sí àárín ọgbà, tọmọdé tàgbà sì pé lé e lórí láti máa wo oòrùn nínú omi. Ilẹ̀ ṣú díẹ̀, bí ìgbà tí òjò ńlá fẹ́ rọ̀. Atẹ́gùn tutù. Oòrùn di tín-ín-rín bí èékánná. Kò pẹ́, ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ìyá wa ní, "A ti rí i." Kálukú bá padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, bọ̀dá kan nínú ẹbí wa tí ó ń ta táyà ní Jibiya, lẹ́bàá ibodè orílẹ̀-èdè Niger, wá kí wa. Ó ní ilẹ̀ ṣú lójú òun ní àárọ̀, adìyẹ wọlé sùn, ìràwọ̀ yọ, oòrùn sì di ihò dúdú kan tí ìmọ́lẹ̀ funfun yí ká bí irun àgbà. Ó ní àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń ké Allahu Akbar. Ìyá wa dá a lóhùn pé, "Àwa náà rí i níbí." Bọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹ ò rí i o. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ rí." Wọ́n ṣe àríyànjiyàn náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tí a dàgbà, tí a wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí a sì ka ìwé nípa rẹ̀ ni a tó mọ̀ pé bọ̀dá ni ó jàre.

Ìdí nìyí tí a fi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ń bọ̀ wá sí Nàìjíríà, a kò sì fẹ́ kí ọ̀kan nínú wa tún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó máa sọ pé òun rí i.

KÍ NI Ó Ń ṢẸLẸ̀ GAN-AN?

Ìbú oòrùn tó nǹkan bí ìlọ́po 400 ìbú òṣùpá. Ṣùgbọ́n oòrùn jìnnà sí wa tó nǹkan bí ìlọ́po 400 bí òṣùpá ṣe jìnnà sí wa. Nítorí èyí ni àwọn méjèèjì ṣe dà bí ọgbọọgba lójú wa. Nígbà tí òṣùpá bá wá kọjá gẹ́ẹ́ láàárín àwa àti oòrùn, ó lè bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Èyí ni Òyìnbó ń pè ní total eclipse. Àwa yóò máa pè é ní ìbòmọ́lẹ̀ oòrùn.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù, nígbà tí ó jẹ́ pé oṣooṣù ni òṣùpá ń yí ayé ká. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀nà òṣùpá dagun díẹ̀, nǹkan bí ìwọ̀n dìgírì 5, sí ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn ká. Lọ́pọ̀ ìgbà, òjìji òṣùpá a máa gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ ayé kọjá, kò ní kàn wá. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òṣùpá a jìnnà sí wa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò ní lè bo oòrùn tán. Òrùka iná ni yóò ṣẹ́kù yí i ká. Ìyẹn kọ́ ni a ń sọ níhìn-ín.

Bí ó bá bò ó tán, òjìji dúdú kan a já bọ́ sórí ilẹ̀, a sì máa sáré gba orí ayé lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Gígùn ọ̀nà tí òjìji yìí ń tọ̀ lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà tó 300 kìlómítà. Ẹni tí ó bá wà nínú ọ̀nà òjìji yìí nìkan ni ó rí ìbòmọ́lẹ̀. Ní gbogbo ayé, ó ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù 18 sí ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jókòó sí ojú kan, tí a bá sì pín in dọ́gba, yóò tó nǹkan bí ọdún 375 kí ó tó tún kan ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òun yóò dúró de oòrùn nílé bàbá òun, kí ó múra láti pẹ́ láyé o!

ÀKỌ́KỌ́: Ẹ WỌ INÚ ÒJÌJI

Èyí ni olórí ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ti ọdún 2006 ṣe àpẹẹrẹ. Òjìji náà ti Brazil wá, ó la òkun kọjá, ó gúnlẹ̀ sí etíkun Ghana. Accra bọ́ sí inú rẹ̀: ìṣẹ́jú 2 àti ìṣísẹ̀ 58 ni oòrùn fi wà lábẹ́ òṣùpá níbẹ̀. Ó wọ Togo, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni ó fi tàsé Lomé. Ó gba àárín Benin, ó wọ ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà láti nǹkan bí agogo 10 kọjá ìṣẹ́jú 21 àárọ̀, ó kan apá kan ìpínlẹ̀ Katsina, ó sì wọ Niger ní nǹkan bí agogo 10 kọjá ìṣẹ́jú 37.

Èkó ńkọ́? Èkó fi nǹkan bí 120 kìlómítà jìnnà sí etí òjìji náà. Bí a bá pín ìbú oòrùn sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, òṣùpá bo nǹkan bí 97 lójú àwọn ará Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sọ títí di òní pé àwọn rí ìbòmọ́lẹ̀ oòrùn. Ẹ wò ó, àwa tí wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé a kò mọ ilé, àwa ọmọ Yorùbá Òkè Ọya, àwa ni nǹkan náà wá bá lẹ́yìnkùlé. Síbẹ̀ náà, Zaria kò sí nínú òjìji. Ìrìn-àjò wákàtí mélòó kan péré ni ó wà láàárín báàsì omi ìyá wa àti ìràwọ̀ ojú ọ̀sán tí bọ̀dá rí.

Ẹ lè sọ pé, "Ṣé 97 kò ti tó ni?" Kò tó rárá. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó nǹkan bí ìlọ́po 400,000 ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú. Bí ó bá ku ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún oòrùn tí òṣùpá kò bò, ìmọ́lẹ̀ tí ó ṣẹ́kù yẹn ṣì tó ìlọ́po 4,000 ti òṣùpá àrànmọ́jú. Bẹ́ẹ̀ adé oòrùn, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ funfun tí bọ̀dá fi wé irun àgbà, kò mọ́lẹ̀ ju òṣùpá lọ. Ibo ni ẹ ó ti rí i nígbà tí oòrùn gidi ṣì wà lójú ọ̀run? Ó dà bí ìdánwò níbi tí 40 ti jẹ́ máàkì àṣeyege. Ẹni tí ó gba 39 àti ẹni tí ó gba 2, àwọn méjèèjì ni yóò tún un ṣe.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Amẹ́ríkà náà rí irú ẹ̀kọ́ yìí ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2024. Ìbòmọ́lẹ̀ ọjọ́ yẹn bá ti 2006 tan, nítorí lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 18 àti ọjọ́ 10 tàbí 11 àti wákàtí 8, oòrùn, òṣùpá àti ayé a tún tò bí wọ́n ṣe tò tẹ́lẹ̀. Wákàtí 8 yẹn ni kì í jẹ́ kí òjìji padà sí ibi àná, nítorí ayé á ti yí ìdá kan nínú mẹ́ta kọjá. Ọ̀nà òjìji gba orí Dallas kọjá. Kò kan Houston. Ìpínlẹ̀ Texas kan náà ni ìlú méjèèjì wà, àwọn ènìyàn wa sì pọ̀ nínú wọn. Ará Houston tí kò jáde nílé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni òun náà rí.

Bí ẹ bá sì ti wọ inú òjìji, ẹ má dúró létí. Ìṣẹ́jú tí oòrùn fi ń wà lábẹ́ òṣùpá pọ̀ jù lọ lójú ìlà àárín. Bí ẹ bá yà kúrò níbẹ̀ díẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ dín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá súnmọ́ etí, kíá ni yóò wálẹ̀ di ìṣísẹ̀ mélòó kan.

ÈKEJÌ: Ẹ WO OJÚ Ọ̀RUN IBẸ̀

Ènìyàn lè wà ní àárín gbùngbùn òjìji kí ìkùukùu bo gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ dán ọ̀rọ̀ Albert Einstein wò, ẹni tí ó ní ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ máa ń tẹ̀ bí ó bá kọjá lẹ́bàá oòrùn. Àsìkò ìbòmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n lè ya àwòrán ìràwọ̀ tí ó wà nítòsí oòrùn. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni wọ́n bá pín ara wọn sí méjì. Arthur Eddington àti ẹnì kejì rẹ̀ lọ sí erékùṣù Príncipe, nínú òkun tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín. Àwọn méjì yòókù lọ sí ìlú Sobral ní Brazil.

Òjò rọ̀ ní Príncipe ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí àsìkò tó, ìkùukùu ṣì wà lójú ọ̀run. Nínú àwòrán 16 tí Eddington yà, méjì péré ni ìràwọ̀ inú wọn tó nǹkan tí a lè wọ̀n. Ojú ọ̀run Sobral mọ́ ní tirẹ̀. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n gbé dúró nígbà tí wọ́n jábọ̀ ní London ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún náà, tí orúkọ Einstein fi kàn káàkiri ayé. Ká ní Príncipe nìkan ni gbogbo wọn lọ ńkọ́?

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ti 2024. Àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ ọ̀pọ̀ ọdún fi hàn pé Mexico àti Texas ni ìkùukùu kì í sábà pọ̀ sí ní oṣù kẹrin, àti pé ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni ó máa ń ṣú jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tìtorí èyí lọ sí Texas. Nígbà tí ọjọ́ pé, ìkùukùu bo ọ̀pọ̀ ibi ní Texas, ojú ọ̀run Vermont àti Maine sì mọ́ kedere. Ṣé kí á wá sọ àkọsílẹ̀ nù ni? Rárá. Àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni kí á fi yan orílẹ̀-èdè; ìròyìn ojú ọjọ́ ti ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ó ṣáájú ni kí á fi yan ìlú; ojú wa ni kí á fi yan ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ nítòsí, tí ọ̀nà sì là níwájú rẹ̀, ó lè sá fún ìkùukùu. Ẹni tí ó ti sanwó ilé-ìtura tí kò sì lè kúrò níbẹ̀, ó di ọwọ́ oríire.

Ní ilẹ̀ wa, oṣù kẹta ní ìṣòro tirẹ̀. Ní gúúsù, afẹ́fẹ́ òkun ti ń gbé ìkùukùu àkọ́rọ̀ òjò wọlé. Ní àríwá, ìkùukùu kò pọ̀, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ lè ṣì wà lójú ọ̀run, kí oòrùn máa ràn bí ẹni tí ó wà lẹ́yìn aṣọ. Òjìji kan gba gúúsù Nàìjíríà kọjá ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1947, nígbà tí òjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tí ó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ẹ bi í léèrè kí ó tó pẹ́ jù.

Ẹ̀KẸTA: ÌṢẸ́JÚ MÉLÒÓ NI Ẹ Ó RÍ?

Ìbòmọ́lẹ̀ tí ó gùn jù lọ kò lè ju ìṣẹ́jú 7 ààbọ̀ lọ lójú kan. Ọ̀pọ̀ kì í tó 4. Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lórí aṣálẹ̀ Sàhárà ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1973 ju ìṣẹ́jú 7 lọ. Lọ́jọ́ náà, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú Concorde ní Las Palmas, wọ́n bá òjìji sáré kọjá lórí aṣálẹ̀, wọ́n sì balẹ̀ sí Fort-Lamy ní Chad, ìlú tí a mọ̀ sí N'Djamena lónìí. Ìṣẹ́jú 74 ni wọ́n fi wà nínú òjìji. Ẹni tí kò ní Concorde, ibi tí ó bá yàn ni yóò pinnu iye ìṣẹ́jú rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìṣẹ́jú nìkan wọ̀ yín lójú. Ìṣẹ́jú méjì lábẹ́ ojú ọ̀run tí ó mọ́ sàn ju mẹ́fà lábẹ́ ìkùukùu lọ. Ẹ tún wo bí oòrùn yóò ti ga tó lásìkò náà. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, nítòsí ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀, ilé, òkè, igi àti eruku lè dí i. Bí ó bá ga, pápá bọ́ọ̀lù lásán tó.

Ẹ̀KẸRIN: Ọ̀NÀ, OWÓ ÀTI ÌFỌ̀KÀNBALẸ̀

Ibi tí ẹ̀mí kò bá ti balẹ̀, a kì í torí oòrùn lọ síbẹ̀. Àwa tí a ń gbé Òkè Ọya mọ ohun tí à ń sọ. Kí ẹ béèrè bí ọ̀nà ti rí lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń rìn ín, kí ẹ lọ pọ̀ ní ọkọ̀ kan tàbí méjì, kí ẹ sì dé ibẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Òjìji kì í dúró de ẹni tí gó-sílóò dá dúró. Bí ẹ bá dé ìlú tí ẹ kò mọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ kí mai unguwa ibẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ yóò ṣú ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún wọn, kí ẹ sì fún wọn ní ìwòjú lò. Bí ó bá jẹ́ òkè òkun ni, ẹ fi físà àti owó ọkọ̀ sínú ìṣirò láti nǹkan bí ọdún kan ṣáájú, nítorí owó ilé-ìtura a máa gbéra sókè bí ọjọ́ náà bá ti ń súnmọ́.

OJÚ LALÁKÀN FI Ń ṢỌ́RÍ

Oòrùn lè jó ẹ̀yìn ojú ènìyàn láì jẹ́ pé ó dùn ún lójú ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni onítọ̀hún yóò tó mọ̀ pé òun kò ríran dáadáa mọ́. Nítorí náà, ẹ gbàgbé báàsì omi. Ẹ gbàgbé fíìmù X-ray, ìgò tí a fi èéfín kun àti dígí ojú dúdú tí a fi ń ṣe fáàrí. Ohun tí ó dára ni ìwòjú oòrùn tí a kọ ISO 12312-2 sí lára, tí kò sì ya, tàbí gíláàsì àwọn wẹ́dà tí ó jẹ́ nọ́ńbà 14. Ẹni tí kò bá rí èyí, kí ó dá ihò kékeré sára páálí, kí ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ihò náà kọjá sórí bébà funfun. Àwòrán oòrùn ni yóò rí níbẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò náà ṣe é wò: gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó ń yọ láàárín ewé ni yóò rí bí èékánná nílẹ̀.

Àsìkò kan ṣoṣo ni a lè fi ojú lásán wo oòrùn, ìyẹn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí òṣùpá bá bò ó tán. Gẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ bá tún yọ bí òkúta òrùka, ẹ dá ìwòjú padà. Ẹni tí ó bá wà ní ìta òjìji kò ní àsìkò yìí rárá: bí ó tilẹ̀ jẹ́ 99 ni òṣùpá bò, kò gbọdọ̀ yọ ìwòjú.

ÈWO NI Ó KÀN WÁ?

Ti ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2026 jẹ́ ti Greenland, Iceland àti Spain. Ní Spain, ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí oòrùn ti wálẹ̀. Ti ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2027 bẹ̀rẹ̀ láti orí òkun, ó gba gúúsù Spain, Morocco, Algeria, Tunisia, Libya, Egypt, Saudi Arabia, Yemen àti Somalia. Ìtòsí Luxor ní Egypt ni ibi tí ó dára jù: ó ju ìṣẹ́jú 6 lọ, oòrùn ga, ìkùukùu sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ooru nìkan ni ìṣòro. Ẹni tí ó bá ní agbára, Luxor ni kí ó lọ.

Ṣùgbọ́n tiwa gan-an ni ti ọjọ́ ajé, ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2034. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, òjìji yóò wọ Nàìjíríà, yóò sì gba Cameroon, Chad, Sudan àti Egypt lọ sí Saudi Arabia títí dé ilẹ̀ Éṣíà. Chad ni yóò ti pẹ́ jù, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 4. A kò nílò físà láti wọ Nàìjíríà! Kí oníkálukú wá àwòrán ilẹ̀ tí a fa ọ̀nà òjìji náà sí, kí ó wo ìlú tí òun wà, kí ó sì wo ìlú tí ó wà lójú ìlà àárín. Bí ìlú yín bá wà ní ìta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ kìlómítà mẹ́wàá péré, ẹ wọ ọkọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ ni; ẹ tètè tọrọ àyè.

Títí di òní, bí a bá dárúkọ 2006 nílé wa, ìyá wa a ní òun rí i. A kò bá wọn jiyàn mọ́. A kàn ti ṣe ìlérí fún wọn pé ní 2034, àwa ni a ó wa ọkọ̀, báàsì yóò sì dúró sílé. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. A ti sọ tẹ́lẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí á pàdé nínú òjìji.